Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí A Ṣe Ń Fi Sáífà Ti Fáìlì Ọ̀rọ̀ Aṣínà

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú jáde lóṣù yìí nínú àwọn tó wọlé sí wa lórí ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní password, àti lórí fáìlì tí àwọn ènìyàn ń kó o jọ sí. Sáífà tí ẹ ó máa rí nísàlẹ̀ yìí ni ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti fáìlì pa, kí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ náà má lè kà á. Inú Abẹ́òkúta ni gbogbo wọn ti wá, a sì ti fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo fún ní àyè jù, nítorí pé irú kóòdù tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Èmi ni mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n ṣe ètò kékeré kan tí yóò máa tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà ẹgbẹ́: ti báńkì, ti ímeèlì àti ti owó orí. Python ni mo fi kọ ọ́. Inú fáìlì CSV kan, ìyẹn tábìlì tí kọ́mà pín òpó rẹ̀, ni mo kó wọn sí, mo fi ọ̀rọ̀ kan, "Olumo", ṣe kọ́kọ́rọ́, mo fi XOR pa báìtì kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì náà pọ̀ mọ́ lẹ́tà ọ̀rọ̀ yìí ní títẹ̀léra, mo sì fi base64 kọ èyí tó jáde. Nígbà tí mo ṣí i wò, n kò lè ka nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní AES ló yẹ kí n lò, òmíràn ní ChaCha20 ló yá jù. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì, níbo ni kí n sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí? (Òkè-Ìléwó)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà, arákùnrin wa. Kí a tó dé orí AES àti ChaCha20, tí wọ́n jẹ́ sáífà méjì, ẹ jẹ́ kí a yẹ èyí tí ẹ ti ṣe wò ná, nítorí pé bí ojú kò bá lè ka fáìlì kan, ìyẹn kò sọ pé ó ti di títì. Base64 kì í ṣe sáífà rárá. Ọ̀nà ìkọ̀wé lásán ni, kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá fi kọ "Abeokuta", yóò di QWJlb2t1dGE=, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí i lè dá a padà láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín.

Ti XOR ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ìṣirò ni, tí kọ̀ǹpútà fi ń pa nọ́ńbà méjì pọ̀ ní bíìtì sí bíìtì, ìyẹn 0 àti 1 tí nọ́ńbà fi ṣe: ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ yóò di 1, ibi tí wọ́n bá ti jọra yóò di 0. Ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì CSV sábà máa ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbà pé ti yín bẹ̀rẹ̀ báyìí: "site,username,password". Nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, báìtì sì ni àyè kékeré tó ń kó irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí: s jẹ́ 115, O tó bẹ̀rẹ̀ Olumo sì jẹ́ 79. Bí XOR bá pa wọ́n pọ̀, 60 ni yóò jáde. Lọ́nà kan náà, i àti l yóò mú 5 wá, t àti u yóò mú 1 wá, e àti m yóò mú 8 wá, àmì kọ́mà àti o yóò sì mú 67 wá. Olè tó jí fáìlì yín yóò rí 60, 5, 1, 8, 67. Kò mọ̀ pé Olumo ni ẹ lò, ṣùgbọ́n ó lè rò ó pé "site," ni irú fáìlì bẹ́ẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀, bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò dán "name," tàbí "user," wò. Ìwà XOR ni pé ohun tí a fi pa nǹkan pọ̀ náà la fi ń tú u. Olè yóò pa 60 pọ̀ mọ́ 115, 79 á jáde, O nìyẹn. Yóò pa 5 pọ̀ mọ́ 105 tí í ṣe nọ́ńbà i, 108 á jáde, l nìyẹn. Nígbà tó bá fi máa kọjá àmì kọ́mà, Olumo ti pé sí i lọ́wọ́, gbogbo ìyókù fáìlì náà sì ti di kíkà. Bébà àti bírò ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Láti ọdún 1883 ni onímọ̀ sáífà kan, Auguste Kerckhoffs, ti kọ ọ́ pé kò yẹ kí ààbò sáífà gbára lé pé àwọn ọ̀tá kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló yẹ kó jẹ́ àṣírí. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn sáífà òde òní dúró lé. Ní ọdún 1997, àjọ NIST, tó ń ṣètò ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, pe àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé kí wọ́n mú sáífà wá, wọ́n gba 15 wọlé, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ síta kí àwọn ọ̀mọ̀ràn lè wá ibi tí wọ́n ti lè fọ́ ọ, ní ọdún 2000 sì ni wọ́n mú èyí tí Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ọmọ orílẹ̀-èdè Belgium méjèèjì, ṣe. Òun ló di AES ní oṣù kọkànlá ọdún 2001. ChaCha20 ní tirẹ̀ wá láti ọwọ́ Daniel J. Bernstein ní ọdún 2008. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì tó. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní ní ohun èlò AES nínú ọpọlọ wọn gan-an, nítorí náà AES máa ń yá lórí wọn. Lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní irú rẹ̀, ChaCha20 ló máa ń yá jù. Fáìlì ọ̀rọ̀ aṣínà ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò tó ohun tí ẹ ó fi mọ ìyàtọ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín má jà lórí ìyẹn.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mójú tó ni orúkọ tó tẹ̀lé orúkọ sáífà. AES-256-GCM tàbí ChaCha20-Poly1305 ni kí ẹ lò, nítorí pé àwọn méjèèjì máa ń lẹ èdìdì oníbáìtì 16 mọ́ ohun tí wọ́n bá tì. Bí ẹnikẹ́ni bá yí báìtì kan ṣoṣo padà nínú fáìlì náà, èdìdì yóò já, ètò yín yóò sì kọ̀ láti ṣí i. AES tí kò ní èdìdì lè jẹ́ kí ẹni tí kò mọ kọ́kọ́rọ́ yí ohun tó wà nínú fáìlì padà láìṣí i, ẹ̀yin kò sì ní mọ̀.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Báìtì 32 gbáko ni AES-256 ń béèrè, àwọn báìtì tí kò sí ẹni tó lè rò wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lórí akọ̀wé yín ni ẹ ní. Ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń gba ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n á fi SHA-256, ìṣirò tó ń lọ ọ̀rọ̀ di báìtì 32 tí kò ṣeé dá padà, lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì sọ èyí tó jáde di kọ́kọ́rọ́. SHA-256 yára jù fún irú iṣẹ́ yìí: káàdì gíráfíìkì kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣeré lórí kọ̀ǹpútà, lè dán ọ̀rọ̀ tó tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Argon2id, tí í ṣe irú Argon2 kan, ni kí ẹ lò dípò rẹ̀. Argon2 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó parí ní ọdún 2015. Ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ra, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ mẹ́mórì. Ìwé ìlànà rẹ̀, RFC 9106 ti ọdún 2021, gba ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ nímọ̀ràn láti fún un ní mẹ́gábáìtì 64, ìyípo 3 àti ọ̀nà 4 tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Akọ̀wé yín kò ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò dúró dè é nígbà tó bá fẹ́ ṣí fáìlì. Ní ti olè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ dán wò yóò gba mẹ́gábáìtì 64 lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì tó ní gígábáìtì 24 kò sì lè gba ju 384 lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LastPass, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, ní ọdún 2022 fi èyí hàn kedere. Àwọn olè kó ẹ̀dà àpótí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà lọ. AES-256 ni wọ́n fi ti àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fọ́ AES. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ṣì wà lórí ìlànà àtijọ́ tí kì í lọ ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà tó bó ṣe yẹ kí ó di kọ́kọ́rọ́, àdírẹ́sì àwọn ojú òpó tí wọ́n ń lò kò sì sí lábẹ́ títì rárá, tí olè fi lè wò ó kó sì mọ àpótí tó yẹ kí òun gbájú mọ́. Nítorí náà, kí ẹ ti gbogbo fáìlì pa, kì í ṣe òpó password nìkan.

Ní ti bí ẹ ó ṣe to fáìlì náà, èyí ni mo fara mọ́. Kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ irú ẹ̀dà tó jẹ́ àti iye tí ẹ fún Argon2id, kí ẹ lè fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Báìtì 16 tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ ni kó tẹ̀ lé e, kí fáìlì méjì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà má baà ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà báìtì 12 ti nonce, ìyẹn nọ́ńbà tí a kò gbọdọ̀ lò lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí sáífà tì, kí èdìdì sì kẹ́yìn. Iyọ̀ àti nonce kì í ṣe àṣírí, ẹ lè kọ wọ́n síbẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí akọ̀wé bá fi nǹkan pamọ́, kí ètò yín mú méjèèjì ní tuntun. Bí ẹ bá lo nonce kan náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan náà, ohun tí mo fi Olumo ṣàlàyé lókè yìí yóò tún bẹ̀rẹ̀: olè yóò pa fáìlì àná pọ̀ mọ́ ti òní, kọ́kọ́rọ́ yóò bọ́ kúrò láàárín wọn, ohun tó wà nínú wọn yóò sì máa tú ara wọn fó. Inú secrets tàbí os.urandom, tí Python ní fún irú iṣẹ́ yìí, ni kí ẹ ti mú báìtì wọ̀nyí. Ẹ má ṣe lo random tó wà nínú Python, nítorí pé ẹni tó bá ti rí 624 nínú nọ́ńbà oníbíìtì 32 tó ń pèsè lè ṣírò gbogbo èyí tó kù.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé òyìnbó kì í tẹnu mọ́, ṣùgbọ́n tí àwa tí iná ń lọ mọ́ lórí kò gbọdọ̀ fojú fò. Bí ẹ bá ń kọ fáìlì tuntun lé àtijọ́ lórí, tí iná sì lọ ní àárín iṣẹ́, ìdajì fáìlì ni yóò kù, èdìdì rẹ̀ kò sì ní bára mu mọ́ láéláé. Fáìlì tí kò ní sáífà ì bá ṣì ṣeé kà dé ibi tó dé, ṣùgbọ́n irú èyí yóò kọ̀ jálẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ kọ tuntun sí orúkọ mìíràn, ẹ rí i pé ó ti wọnú dísíkì tán, kí ẹ tó fi os.replace gbé e sí ipò ti àtijọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sórí fíláàṣì tí kò sí lára kọ̀ǹpútà yẹn.

Ẹ béèrè ibi tí ẹ ó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbì kankan. Láti inú ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà tí akọ̀wé tẹ̀ ni kí ètò ti ṣe é, kí ó sì jù ú nù bí ó bá ti parí iṣẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sínú kóòdù, bí ẹ bá sì ti gbé kóòdù tó ní Olumo nínú sórí GitHub, ojú òpó tí wọ́n ń kó kóòdù sí, rí, gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú fáìlì yẹn ni kí ẹ yí padà, nítorí pé bí ẹ bá pa ìlà náà rẹ́ lónìí, ìtàn Git, tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, ṣì mú un lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, n kò ní jẹ́ kí ẹ kọ ètò yìí rárá. KeePassXC, ètò tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, wà lọ́fẹ̀ẹ́, fáìlì rẹ̀ tó ń jẹ́ KDBX 4 ní AES-256 àti ChaCha20, ó ní Argon2, ó sì ní èdìdì tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ètò Python yín máa kà á, láíbúrárì pykeepass wà fún un. Ẹ fi tiyín kọ́ iṣẹ́, kí owó ẹgbẹ́ wà lábẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ojú ti yẹ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Òwe kan, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, ni mo fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà fún fáìlì mi. Lórí fóònù, ó ń ṣí. Lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà sí lẹ́tà, ó ń sọ pé kì í ṣe òun. Àbí sáífà kò gbọ́ Yorùbá ni? (Ìbarà)

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, sáífà kò gbọ́ èdè kankan, báìtì nìkan ló mọ̀. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ẹ́ kan ṣoṣo. Ó lè kọ ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wá fi àmì òkè lé e, tí báìtì rẹ̀ yóò jẹ́: E1 BA B9 CC 81. Ó lè kọ e lásán, kó fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, kó tún fi àmì òkè tẹ̀ lé ìyẹn: 65 CC A3 CC 81. Ó sì lè kọ é tó ti ní àmì òkè, kó fi ti ìsàlẹ̀ sí i: C3 A9 CC A3, èyí tí kò ju báìtì mẹ́rin lọ. Lójú yín, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Argon2, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tí kò jọra rárá ni yóò sì ti inú wọn jáde. Ó dà bí ẹni pé kíbọọ̀dù fóònù yín àti ti ilé-ìwé kì í kọ àmì lọ́nà kan náà.

Ẹ padà sórí fóònù tó ń ṣí i, kí ẹ yí ọ̀rọ̀ àgbà náà sí èyí tí kò ní àmì kankan lórí tàbí lábẹ́. Arákùnrin wa ti Òkè-Ìléwó náà yẹ kó gbọ́ èyí: kí ó gba ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá nínú unicodedata.normalize("NFC", …) tó ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé wọ̀nyí di ọ̀kan, kó tó gbé e fún Argon2, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé bó bá fi kún un lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti ní fáìlì, ó lè ti àwọn kan nínú wọn mọ́ ìta.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òwe sílẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì orílẹ̀ yín. Ohun tó ti wà nínú ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn olè ń kó jọ láti dán wò. Ohun tó dára ni kí ẹ ní ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 7776, kí ẹ ju dáìsì márùn-ún fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́fà bẹ́ẹ̀. Agbára rẹ̀ yóò tó bíìtì 77. Bí ẹ̀yin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá fẹ́ to irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé tí a bá ti yọ àmì kúrò, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko di ọ̀kan náà, nítorí náà kí wọ́n gba ipò ẹyọ kan péré.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n ṣe ojú òpó tí àwọn òbí yóò máa wọlé sí láti wo èsì ìdánwò. Mo fẹ́ fi AES ti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn sínú dátábéèsì, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí òbí tó bá gbàgbé. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? (Láfẹ́nwá)

ÌDÁHÙN: Kò dára. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílò láti rí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì wọn padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò sáífà. Ẹ̀yin kò nílò láti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà òbí kankan; ẹ kàn nílò láti mọ̀ bóyá èyí tó tẹ̀ lónìí ni èyí tó tẹ̀ lánàá. Háàṣì, ìyẹn ìṣirò tó ń lọ ọ̀rọ̀ di ohun mìíràn, ni wọ́n ń lò fún ìyẹn, òun kì í sì í ṣeé dá padà: Argon2id tún ni, tàbí bcrypt tó ti wà láti ọdún 1999, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iyọ̀ tirẹ̀. Òbí tó bá gbàgbé, ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ sí i kó yan tuntun.

Ilé-iṣẹ́ Adobe, tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, gba ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí. Ní ọdún 2013, wọ́n jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà rẹ̀, a sì rí i pé sáífà 3DES ni wọ́n fi tì wọ́n, lábẹ́ ìlànà ECB, láìsí iyọ̀. Lábẹ́ ECB, ohun kan náà tí ẹ bá tì lẹ́ẹ̀mejì yóò jáde ní àwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí bátànì tí aládìrẹ fi tẹ aṣọ: ẹni tó rí àwòrán kan náà káàkiri ìró kò nílò kí a sọ fún un pé bátànì kan ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹgbàágbèje ènìyàn tó lo 123456 ni sáífà wọn jọra, ọ̀rọ̀ ìránnilétí tí àwọn fúnra wọn kọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìtì. Bí ẹnì kan bá kọ pé "ọ̀kan sí mẹ́fà", àṣírí gbogbo àwọn yòókù tú. Ẹnikẹ́ni kò sì rí kọ́kọ́rọ́ 3DES náà.

Kí ẹ sì sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà pé Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan àwọn náà. Bí dátà bá jò lọ́nà tó lè ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá, wákàtí 72 ni òfin fún wọn láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Adìrẹ ni mò ń tà. Ọmọ mi bá mi fi KeePassXC kó gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà mi sí ojú kan, mo sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àgbà rẹ̀. Ẹnì kan ní òun lè bá mi ṣí i, owó ńlá ló sì ń béèrè. Ṣé kí n fún un? (Ìtòkú)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Màmá. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Bí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ yín rárá bá lè ṣí fáìlì yẹn, a jẹ́ pé asán ni gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti òkè wá. Bí ẹ bá rántí èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ìparí tàbí lẹ́tà ńlá ni kò dá yín lójú, kí ọmọ yín jókòó tì yín kí ẹ jọ dán oríṣiríṣi rẹ̀ wò nílé. Ẹ tún wò bóyá fóònù kan wà tí ẹ fi ìka ń ṣí àpótí náà lórí rẹ̀. Bó bá wà, kí ọmọ yín yára da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí tuntun.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà padà, nítorí pé inú rẹ̀ ni líǹkì àtúntò àwọn yòókù yóò máa wọlé sí. Ní ti báńkì, ẹ gbé káàdì ìdánimọ̀ yín dání, kí ẹ lọ sí ẹ̀ka wọn fúnra yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ àgbà tuntun sórí bébà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dé inú àpótí aṣọ yín. Ẹ má sì pa fáìlì àtijọ́ náà rẹ́. Kò gba àyè, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì sọ sí yín lọ́kàn lẹ́yìn ọdún méjì, yóò ṣì ṣí.